Òní Náà, Ọjọ́ Ni

Ẹni tó bá ń sọ kiri pé mo sá kúrò ní Ìfọ̀, ẹ bá mi sọ fún un pé irọ́ ló ń pa. Mi ò sá. Mo dágbére fún gbogbo àdúgbò, mo kí wọn lójúlé-lójúlé, àwọn kan tilẹ̀ di gàrí fún mi tí mi ò bèèrè. Bí mo ṣe dé ìlú òyìnbó, mi ò ní fi ìyẹn dà yín láàmú. Ọkọ̀ òfurufú gbé mi, ó sọ̀ mí kalẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Ohun tí ojú mi rí lẹ́yìn tó lọ tán ni mo fẹ́ sọ: bí èmi tí mo ti ń tajà láti kékeré ṣe fi ọjà títà sílẹ̀, tí mo di ẹni tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ń ránṣẹ́ pè pé kí n wá bá wọn ṣètò iṣẹ́ wọn sórí kọ̀m̀pútà. Wọ́n ní kò ṣeé ṣe. Ó ṣeé ṣe. Mo ṣe é.

Ẹ̀rọ ìránṣọ ni mò ń tà nílé. Ilé-iṣẹ́ kan ní Èkó ló ń kó o fún wa, èmi ni mo sì ń tà á ní gbogbo agbègbè wa. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Ìfọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, àmọ́ mi ò kì í jókòó síbẹ̀. Ẹni tó bá jókòó de oníbàárà, eṣinṣin ni yóò máa lé. Bí ọjà bá bọ́ sí Ìfọ̀, mo wà ní Ìfọ̀. Bó bá bọ́ sí Ọ̀fàdà, mo ti gbé ẹ̀rọ mi sórí lọ́rì àwọn onírẹsì. Mòwé àti Ìbàfò ìgbà yẹn kì í ṣe èyí tí ẹ ń rí lónìí o. Abúlé ni wọ́n, oko yí wọn ká, wọn ò tíì la títì ńlá yẹn rárá. Ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn dé ibẹ̀. Mo mọ aránṣọ tí ọkọ rẹ̀ ò ní gbà, mo mọ èyí tó jẹ́ pé ìyá ọkọ rẹ̀ ni kí n kọ́kọ́ kí. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Ẹ lọ béèrè mi níbẹ̀.

Ìlú Leeds ni mo gbé ní ìlú òyìnbó, nítorí ẹ̀gbọ́n mi kan tó wà níbẹ̀. Kò tó oṣù mẹ́ta tí mo dé tí ẹ̀gbọ́n kó lọ sí Kánádà, ó ku èmi àti ògiri. Iṣẹ́ tí mo mọ̀ náà ni mo wá lọ. Ilé-iṣẹ́ kan kó búrọ́ọ̀ṣì àti ìpara bàtà fún mi sínú báàgì ńlá kan, wọ́n ní kí n máa kan ilẹ̀kùn kiri.

Háà! Mo kan ilẹ̀kùn. Mo kàn án nínú òjò, mo kàn án nínú yìnyín. Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni pé kò sẹ́ni tó ń ná ọjà. O máa dárúkọ iye, wọn á ní àwọn fẹ́ tàbí àwọn ò fẹ́, ó parí. Kò sí "gbà á báyìí," kò sí "tèmi ni kí o kọ́kọ́ gbà láàárọ̀ yìí." Ọjà tí ò ní ẹnu nínú, ọjà kọ́ nìyẹn. Ohun kejì ni pé ẹnì kan á wà nínú ilé, màá máa gbóhùn rédíò rẹ̀, kò ní ṣílẹ̀kùn. Òmíràn á ṣí ihò lẹ́tà tó wà lára ilẹ̀kùn, á sọ̀rọ̀ láti ibẹ̀ pé kí n máa lọ. Èmi náà á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, màá gba ihò kan náà dá a lóhùn pé, "Ẹ ṣeun, mà. Ẹ kú ìsinmi." Kí ó mọ̀ pé wọ́n kọ́ mi nílé.

Lọ́jọ́ kan, ìyá arúgbó kan ṣílẹ̀kùn. Orí rẹ̀ funfun bí òwú. Kí n tó ronú, orúnkún mi ti kanlẹ̀: "Ẹ káàárọ̀, mà." Ìyá pariwo. Ó rò pé mo ṣubú ni! Ó di apá mi mú, ó ń fà mí sókè, ó ní ṣé kò dùn mí. Mi ò mọ bí màá ṣe ṣàlàyé, ni mo bá ní kò dùn mí. Ó mú mi wọlé, ó fún mi ní tíì, ó ra búrọ́ọ̀ṣì méjì. Ẹ̀rín pa mí títí mo fi délé. Nígbà tí mo délé ni mo wá sunkún, nítorí mo rántí pé láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n ti lọ, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn mí.

Inú ìwé ìròyìn tí wọ́n fi di ẹja fún mi ni mo ti rí ìkéde náà. Ilé-iṣẹ́ kan wà tó ní kọ̀m̀pútà, tó ń fi ṣiṣẹ́ fún àwọn ilé-iṣẹ́ tí ò ní tiwọn. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni tó bá lè ronú létòlétò kó wá ṣe ìdánwò, àwọn ò bèèrè ìwé ẹ̀rí. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà, orí mi sì pé. Mo fi omi nu òróró ẹja kúrò lára ìwé náà, mo lọ.

Ìdánwò yẹn, àwòrán àti nọ́ńbà lásán ni: èwo ló tẹ̀lé èwo, èwo ni kò bá àwọn yòókù mu. Ẹni tó ti fi ẹsẹ̀ rìn láti Mòwé dé Ìbàfò tó ń ronú lórí ilé tó yẹ kí òun kọ́kọ́ yà, ṣé irú ìyẹn ló máa dà á láàmú? Mo ṣe tán kí àwọn tó kù tó débì kan. Ọ̀gá tó ń bójú tó wa ní irùngbọ̀n tó kún dé àyà. Látọjọ́ náà, Ọ̀gá Onírùngbọ̀n ni mo ń pè é lọ́kàn mi. Ó wo ìwé mi, ó wo ojú mi, ó tún wo ìwé.

"Kí lò ń ṣe tẹ́lẹ̀?"

"Mò ń tajà ni. Búrọ́ọ̀ṣì."

"Kọ̀m̀pútà kì í ra búrọ́ọ̀ṣì o."

Gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Àwọn tó ń lò ó ńkọ́, sà? Ṣé wọn kì í gbálẹ̀ ni?"

Ó gbà mí. Àmọ́ ó sọ ọ́ lójú gbogbo wọn pé oṣù mẹ́fà ni wọ́n máa fi wò mí. Bí mo bá ṣe é yọrí, màá di konsọ́tántì, ìyẹn ẹni tí wọ́n ń rán lọ sí ilé-iṣẹ́ ẹlòmíràn láti wádìí bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́, kó sì kọ ètò tí kọ̀m̀pútà máa tẹ̀lé fún wọn. Bí mi ò bá ṣe é yọrí, mo mọ ibi tí búrọ́ọ̀ṣì wà. Bó ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn.

Kọ̀m̀pútà ayé ìgbà náà tóbi tó yàrá méjì. Inú òtútù ni wọ́n ń gbé e sí bí ẹja. Àwa á kọ ètò wa sórí ìwé, àwọn ọmọbìnrin kan á fi ẹ̀rọ lu ihò sára káàdì pélébé-pélébé, wọn á kó káàdì náà fún un, á sì tẹ ìdáhùn jáde. Bí ihò kan bá bọ́ sí ibi tí kò yẹ, gbogbo rẹ̀ bàjẹ́. Èmi ni obìnrin kan ṣoṣo tó ń kọ ètò níbẹ̀, èmi nìkan ni adúláwọ̀. Bí a bá fẹ́ jẹun ọ̀sán, wọn á dìde lẹ́ẹ̀kan náà, wọn á lọ, kò sẹ́ni tó máa ní "dìde ká lọ." Mo ń gbé oúnjẹ mi lọ sí yàrá kejì, mo ń jẹ ẹ́ pẹ̀lú ìwé ìtọ́ni kọ̀m̀pútà lórí itan mi. Nígbà tí wọ́n fi ń parí ẹjọ́ bọ́ọ̀lù wọn, mo ti ka ojú ewé mẹ́wàá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lọ.

Lẹ́ẹ̀kan lóṣù ni mo ń bá ìyá mi sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù. Alàájì kan tó ń ta pákó ní Ìfọ̀ ló ní tẹlifóònù, ó sì gbà kí wọ́n máa wá gba ìpè mi lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìyá mi ò mọ déètì òyìnbó. Ọjọ́ ọjà ló mọ̀. Ọrọọrún ni wọ́n ń ná ọjà Ìfọ̀, nítorí náà mo fi kàlẹ́ńdà kọ́ ara ògiri, mo fi pẹ́ńsùlù yí gbogbo ọjọ́ ọjà ká, kí n má bàa pè lọ́jọ́ tí wọn ò sí níbẹ̀. Ní Leeds, lójú òtútù, ẹsẹ̀ ọjà Ìfọ̀ ni mo fi ń mọ bí ọjọ́ ṣe ń lọ. Ẹni tó bá fẹ́ kó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

"Hẹ́lóò! Hẹ́lóò! Ṣé ìwọ nìyẹn?"

"Èmi ni, mà. Ẹ kú ọ̀sán, mà. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀ níbí o."

"Dìde. Ilẹ̀ ibẹ̀ tutù. Kí lò ń tà báyìí?"

"Mi ò ta nǹkan kan mọ́, mà. Kọ̀m̀pútà ni mò ń bá ṣiṣẹ́."

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ̀rọ kan ni, mà. Ó ń ṣírò nǹkan, ó sì ń rántí nǹkan."

"Ó ń rántí nǹkan." Ìyá mi ló tún un sọ bẹ́ẹ̀. "Ìwọ ńkọ́? O rántí ilé?"

Mo ní mo rántí. Wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù mi ṣì wà ní títì, ará Àjùwọ̀n kan wá bèèrè rẹ̀ kó háyà rẹ̀, àwọn sì lé e, nítorí àwọn mọ̀ pé màá padà wá sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Mo wo ara mi níbi tí mo dúró sí. Mo mọ̀ pé bí ṣọ́ọ̀bù yẹn bá ṣì wà níbẹ̀, ọjọ́ tí Ọ̀gá Onírùngbọ̀n bá kígbe mọ́ mi, ọkàn mi á sá lọ sí Ìfọ̀.

Mo ní, "Ẹ fún un, mà."

"Ẹnu rẹ lèyí ti jáde?"

"Ẹnu mi ni, mà. Ẹ fún ará Àjùwọ̀n ní ṣọ́ọ̀bù."

Mo gbọ́ ohùn Alàájì lẹ́yìn wọn tó ń pariwo pé, "Ẹ jẹ́ ká fún ẹlòmíràn láyè o, Ìyá!" Bí ìpè náà ṣe já nìyẹn. Mo jókòó sílẹ̀ níbi tẹlifóònù. Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní parọ́ fún yín.

Ní oṣù karùn-ún tí wọ́n ti ń wò mí ni wọ́n gbé iṣẹ́ alágbàfọ̀ lé mi lọ́wọ́. Ẹ má rò pé alágbàfọ̀ bíi ti ìdí ojú irin wa o, tó ń fẹ́ná sí áyọ́ọ̀nù eléèédú. Ilé-iṣẹ́ ńlá ni. Àwọn òtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń fọṣọ fún: aṣọ bẹ́ẹ̀dì, táwẹ̀lì, aṣọ orí tábìlì. Ọkọ̀ wọn á lọ kó ìdọ̀tí, wọn á fọ̀ ọ́, wọn á lọ̀ ọ́, wọn á sì dá a padà. Ohun tí ìwé àdéhùn wọn sọ ni pé ọjọ́ márùn-ún ni aṣọ á fi padà. Iṣẹ́ tèmi ni kí kọ̀m̀pútà máa tẹ ìwé fún awakọ̀ kọ̀ọ̀kan láràárọ̀, tó máa sọ ibi tó ti máa kó ìdọ̀tí àti ibi tó máa kó mímọ́ lọ. Mo kọ ètò náà. Mo yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ọ̀gá Onírùngbọ̀n náà wò ó, kò rí nǹkan kan. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó lọ́jọ́ Mọ́ńdè.

Fúráìdè, aago mẹ́sàn-án àárọ̀, tẹlifóònù dún. Máníjà ilé-iṣẹ́ alágbàfọ̀ ni. Èmi tí mo wà ní òpin yàrá, mò ń gbọ́ igbe rẹ̀. Ó ní kọ̀m̀pútà wa sọ fún gbogbo awakọ̀ pé kí wọ́n kó aṣọ ọjọ́ Mọ́ńdè padà lónìí, bẹ́ẹ̀ sì rèé ọ̀la ni ọjọ́ rẹ̀. Ó ti dá gbogbo ọkọ̀ dúró sẹ́nu géètì. Wọn ò gbé mímọ́, wọn ò lọ kó ìdọ̀tí, iṣẹ́ ọjọ́ kan ti bàjẹ́.

Ọ̀gá Onírùngbọ̀n gbé fóònù sílẹ̀. Ó pè mí síwájú gbogbo wọn.

"Aṣọ tí wọ́n kó lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ọjọ́ wo ló yẹ kó padà?"

"Fúráìdè, sà."

"Ka márùn-ún kí n rí i."

Mo na ìka. "Mọ́ńdè, ọ̀kan. Túsìdè, méjì. Wẹ́sìdè, mẹ́ta. Tọ́sìdè, mẹ́rin. Fúráìdè, márùn-ún."

Ó di ìka mi àkọ́kọ́ mú, ó tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀. "Túsìdè ni ọ̀kan. Mọ́ńdè, a kì í kà á. Ọjọ́ tá a bẹ̀rẹ̀ nìyẹn."

"Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ lò ó, ẹ wá ní kò sí nínú ọjọ́?"

"Níbo ni wọ́n ti kọ́ ọ ní ìṣirò?"

"Ní Ìfọ̀."

Ẹ̀rín bú. Ẹnì kan tilẹ̀ ń fọwọ́ lu tábìlì. Ìgbà yẹn ni mo wá mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Kíka ilé ni mo kà. Ọjà tá a ná lónìí, bá a bá ní ọrún la tún máa ná an, òní wà nínú rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí lónìí, ọjọ́ kẹjọ ni wọ́n ń sọ ọ́ lórúkọ, kò sì sí baba kan lágbègbè wa tó máa fo ọjọ́ tí ọmọ rẹ̀ dé ayé. Bí mo ṣe ń ka ọjọ́ láti kékeré nìyẹn, bí mo ṣe ń kà á lára kàlẹ́ńdà nìyẹn. Kò wá sí mi lọ́kàn rí pé ọmọ aráyé kan ń kà á lọ́nà mìíràn.

Kí n tó padà sórí ìjókòó mi, Ọ̀gá ti ní kí wọ́n tẹ ìwé kan. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé èmi, mo jẹ́wọ́ pé àṣìṣe náà tèmi nìkan ni, mi ò sì kún ojú òṣùwọ̀n. Ó ní kí n fọwọ́ sí i. Mo mọ̀ pé bí mo bá ti fọwọ́ sí i, ó tán. Búrọ́ọ̀ṣì ló kù, kò sì sí ṣọ́ọ̀bù ní Ìfọ̀ mọ́.

"Ẹ fún mi dìgbà tí a máa ṣíwọ́, sà."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ lọ béèrè nǹkan."

"Ọ̀dọ̀ ta ni?"

Mi ò tíì mọ̀. Mo wọ kóòtù mi, mo jáde.

Nínú bọ́ọ̀sì ni mo ti ń bá ara mi jà. Lóòótọ́, ó yẹ kí n ti béèrè. Bí mo bá fẹ́ ta ẹ̀rọ ní Ọ̀fàdà, ṣé ọ̀dọ̀ baálé nìkan ni mo máa ń lọ? Mo máa ń bá ẹni tó máa lo ẹ̀rọ sọ̀rọ̀, kí n wo ọwọ́ rẹ̀, kí n wo àga rẹ̀. Mo dé ìlú òyìnbó, mo di oníkọ̀m̀pútà, mo wá jókòó sí ọ́fíìsì máníjà, mo gba ìwé àdéhùn, mo rò pé mo ti mọ gbogbo rẹ̀. Abèèrè kì í ṣìnà. Èmi ọlọ́jà, mo gbàgbé láti béèrè.

Mi ò gba ẹnu ọ̀nà iwájú. Mo gba ẹ̀yìn, níbi tí wọ́n ń gbé ẹrù gbà. Mo kọjá lára àwọn awakọ̀ tí wọ́n jókòó sórí àpótí tí wọ́n ń mu sìgá, mo bọ́ sínú gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń lọṣọ. Irú ooru wo nìyẹn! Ó rán mi létí ilé débi pé mo fẹ́ bọ́ kóòtù mi sọnù. Àwọn obìnrin bí ogún ló wà nídìí ẹ̀rọ ìlọṣọ. Olórí wọn jẹ́ ìyá kan tó sanra, tó so gèlè kékeré mọ́rí nítorí òógùn. Wọ́n ń pè é ní Doris. Èmi ò lè pe ẹni tó tó ìyá mi bẹ́ẹ̀ lórúkọ gbànsasa, ni mo bá ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Màmá Doris."

Ó wò mí. "Kí lo pè mí?"

"Màmá Doris, mà."

Ó yíjú sí àwọn yòókù. "Ẹ gbọ́? Màmá. Kí lo fẹ́, ọmọ mi?"

Mo ní, "Aṣọ tí wọ́n kó wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè, níbo ni ẹ bá a dé?"

Ó nawọ́ sí ògiri. Ẹ̀yin èèyàn mi, aṣọ wà níbẹ̀, wọ́n ti lọ̀ ọ́, wọ́n ti ká a, wọ́n ti tò ó dé òkè àjà. Gbogbo rẹ̀ pátá!

"Nígbà wo lẹ parí rẹ̀?"

"Láàárọ̀ yìí. Ọjọ́ karùn-ún kọ́ ni òní ni?" Ó na ìka tirẹ̀. "Mọ́ńdè, Túsìdè, Wẹ́sìdè, Tọ́sìdè, Fúráìdè. Ọjọ́ tó bá dé ọ̀dọ̀ wa la ti ń fọ̀ ọ́. Ṣé a máa fi sílẹ̀ títí di ọjọ́ kejì kó máa rùn ni?"

Mo di àga kan mú. "Kí ló wá dé tí ọkọ̀ kì í fi í gbé e?"

"Àwọn máníjà tó wà lókè lọ́hùn-ún ní Sátidé ni. Nínú ooru yìí ló máa wà mọ́jú. Á rọ̀, á hunjọ, àwa la tún máa lọ èyí tó bá bàjẹ́ láàárọ̀ Sátidé."

"Ẹ ń lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì? Ṣé ẹ ti sọ fún wọn?"

Màmá Doris fi aṣọ nu òógùn ojú rẹ̀. "Ta ló bi mí?"

Mo sáré gun àtẹ̀gùn lọ bá máníjà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe kí n tó wọlé tán. Mo jẹ́ kó kígbe tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, nítorí ẹni tó ti kan ilẹ̀kùn fún ọdún méjì ti gbọ́ igbe tó ju ìyẹn lọ. Lẹ́yìn náà ni mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ wá fi ojú ara yín rí nǹkan kan. Bí mo bá parọ́, ẹ lé mi jáde."

Ó sọ̀ kalẹ̀. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó pẹ́ tó ti wọ gbọ̀ngàn náà gbẹ̀yìn, torí kò mọ ibi tí ilẹ̀kùn ń ṣí sí. Ó dúró níwájú aṣọ náà. Ó fọwọ́ kan ọ̀kan. Ó ṣí èkejì wò.

Mo ní, "Àwọn òtẹ́ẹ̀lì, ìgbà wo ni àlejò wọn máa ń pọ̀, sà?"

"Fúráìdè sí Sọ́ńdè." Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń fẹjọ́ sùn pé aṣọ àwọn kì í tètè dé."

"Báwo ló ṣe pẹ́ tó tó ti rí báyìí?" Màmá Doris ni mo bi, ó sì dáhùn: "Kí n tó débí ni. Mo sì ti darúgbó síbí."

Máníjà yíjú padà, ó lọ sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, ó ké sí àwọn awakọ̀ pé kí wọ́n dìde. Ṣáájú aago mẹ́ta, kò ku ọkọ̀ kankan lágbàlá náà. Àwọn obìnrin ń pàtẹ́wọ́. Màmá Doris gbá mi mọ́ra pẹ̀lú òógùn ara rẹ̀, inú mi sì dùn débi pé mi ò mọ ohun tí mo ń sọ mọ́, Yorùbá ni mo fi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo padà dé ọ́fíìsì kí a tó ṣíwọ́. Máníjà ti pè wọ́n kí n tó dé. Ìwé ìjẹ́wọ́ náà ṣì wà lórí tábìlì, bírò sì wà lórí rẹ̀.

Ọ̀gá Onírùngbọ̀n ní, "Wọ́n ní ká fi ètò náà sílẹ̀ bó ṣe wà. Àmọ́ àṣìṣe ṣì ni àṣìṣe."

"Àṣìṣe ni lóòótọ́, sà. Mi ò béèrè kí n tó kà. Ẹ̀yin náà yẹ ètò náà wò, ẹ ò béèrè. Ẹ jẹ́ ká jọ fọwọ́ sí i. Ẹ̀yin lẹ dàgbà jù, ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ sí tiyín."

Mo na bírò sí i. Ó wo bírò, ó wò mí, ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó sọ ìwé náà síbẹ̀. Mi ò tún gbúròó ìwé náà mọ́ láé.

Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé, ṣé nígbà yẹn ni mo wá di ọmọ ibẹ̀? Rárá o. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀lé e, wọ́n tún dìde lọ jẹun ọ̀sán láìpè mí. Mi ò di ọmọ ibẹ̀, mi ò sì bẹ ẹnikẹ́ni pé kó sọ mí dà á. Àmọ́ ohun kan yí padà nínú èmi fúnra mi. Tẹ́lẹ̀, mò ń fi ohun tí mo kó wá láti ilé pamọ́ bí ẹni tó fi aṣọ àkísà pamọ́ sábẹ́ kóòtù. Mo rò pé ẹni tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ kọ̀m̀pútà gbọ́dọ̀ gbàgbé Ìfọ̀, kó gbàgbé ọjà, kó gbàgbé ẹnu tó fi ń tajà. Irọ́ ni. Ẹsẹ̀ tó gbé mi dé Ìbàfò náà ló gbé mi dé ẹ̀yìnkùlé alágbàfọ̀. Bí mo bá ti gbàgbé ni, ǹ bá ti fọwọ́ sí ìwé yẹn.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá mi nígbà tí oṣù pé. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí Alàájì fi wá béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Ìyẹn ni pé ìwọ lo wá ń kọ́ òyìnbó bí wọ́n ṣe ń ka ọjọ́?"

"Kì í ṣe gbogbo wọn, mà. Ìyá kan wà níbẹ̀ tó ti mọ̀ ọ́n kà tẹ́lẹ̀."

"Ará ibo ni?"

"Ará ibẹ̀ ni, mà."

"Ìyá rẹ̀ kọ́ ọ dáadáa. Bá mi kí i." Wọ́n tún ní, "Mo ti fún ará Àjùwọ̀n ní ṣọ́ọ̀bù o. Agboòrùn ló kó síbẹ̀. Ṣé o gbọ́?"

Mo ní mo gbọ́. Ó dùn mí wọra, mo sì sọ fún wọn pé ó dùn mí. Wọ́n ní kí n nu ojú mi, kí n lọ dojú kọ iṣẹ́ mi.

Nígbà tí oṣù mẹ́fà pé, Ọ̀gá Onírùngbọ̀n pè mí wọ yàrá rẹ̀. Ọkùnrin kan jókòó tì í, tó wọ táì tó ń dán. Ó ní olórí àwọn tó ń ta iṣẹ́ wa fún àwọn oníbàárà nìyẹn. Wọ́n ní kí n jókòó. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ara mi ti fu.

Ọlọ́táì ní, "A ti gbọ́ nípa rẹ. O mọ èèyàn bá sọ̀rọ̀. A fẹ́ kí o wá sọ́dọ̀ wa, kí o máa bá wa tajà. Ọkọ̀ wà fún ọ."

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ o! Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, lẹ́yìn gbogbo ihò káàdì yẹn, ìdí ọjà náà ni wọ́n tún fẹ́ dá mi padà sí, wọ́n wá fi ọkọ̀ bò ó lójú. Inú bí mi gidi.

"Ẹ ṣeun, sà. Mi ò tajà mọ́."

"Àmọ́ ohun tó o mọ̀ jù nìyẹn," Ọ̀gá Onírùngbọ̀n sọ bẹ́ẹ̀.

"Ohun tí mo mọ̀ jù ni bí wọ́n ṣe ń béèrè ọ̀rọ̀. Ẹni tó ń tajà ń lo ìyẹn láti tajà. Èmi fi kọ ètò tó ṣiṣẹ́. Ẹ sọ pé bí mo bá ṣe é yọrí, konsọ́tántì ni màá dà. Mo ṣe é yọrí. Lẹ́tà mi dà?"

Ó ní kò tíì sí obìnrin tó ń ṣe é lọ́dọ̀ wọn, pé àwọn oníbàárà lè máà fẹ́. Mo ní kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ alágbàfọ̀. Ó ní kí n lọ rò ó wò. Mo ní mo ti rò ó. Mo jókòó. Ọlọ́táì dìde, ó jáde. Mo jókòó. Ọ̀gá Onírùngbọ̀n ń ti ìwé síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó wo aago, ó wo fèrèsé. Èmi tí mo ti jókòó síwájú ilé ìyá ọkọ ẹlòmíràn láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ nítorí ẹ̀rọ kan ṣoṣo, ṣé ìjókòó ló máa sú mi?

Níkẹyìn, ó pe akọ̀wé rẹ̀, ó ní kó tẹ lẹ́tà náà. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì kí n tó fọwọ́ sí i. Konsọ́tántì ló wà níbẹ̀.

Ó ní, "Ilé-iṣẹ́ oníbúrẹ́dì kan wà ní Bradford. Máníjà wọn ń retí rẹ lọ́la."

Mo ní, "Ta ni olórí àwọn tó ń po ìyẹ̀fun níbẹ̀?"

Ó ní òun ò mọ̀.

Mo ní, "Ọ̀dọ̀ ẹni yẹn ni màá kọ́kọ́ lọ." Mo ká lẹ́tà mi sínú báàgì, mo jáde.